Bí Ìkùukùu Ṣe Ń Dé Òkè Réré: Àlàyé fún Ẹni tí Ó Ń Wo Sánmà láti Abẹ́òkúta

Ẹni tí ó bá gun àpáta Olúmọ dé orí ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹfà, tí sánmà sì là díẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ó wá gbé ojú sókè dípò kí ó máa wo àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà nísàlẹ̀, yóò rí i pé ìkùukùu tí ó wà lókè kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan wà nítòsí. Wọ́n funfun, wọ́n ki, ìdí wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé a gbé wọn ka orí tábìlì. Ìhà Ìlaró ni wọ́n ti ń bọ̀, Ìbàdàn ni wọ́n sì dorí kọ. Lókè wọn réré, àwọn mìíràn wà tí wọ́n rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú tí a fi ọwọ́ ya, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń là kọjá láìsí ìdíwọ́. Ní àkókò òjò, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìhà Ìbàdàn ni àwọn wọ̀nyí ti ń bọ̀, tí wọ́n ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, síhà Ìmẹ̀kọ àti Kétu. Wọ́n ń kọjá lára wọn bí ọkọ̀ méjì lójú pópó kan náà, bẹ́ẹ̀ àlàfo tí ó wà láàárín wọn lè ju 10 kìlómítà lọ.

Àwọn ti òkè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nípa wọn kò ju ìbéèrè kan lọ: omi wúwo, ilẹ̀ ni ó sì máa ń wá; báwo ni ó ṣe dé ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà kọjá, tí ó sì dúró síbẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìkùukùu kọ́ ni ó ń gòkè. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gòkè, ìkùukùu sì jẹ́ àmì ibi tí òtútù ti ká omi inú afẹ́fẹ́ náà mọ́.

Kí á tó gòkè, ó yẹ kí á tún èrò kan ṣe. Ọ̀pọ̀ gbà pé ooru omi ni ìkùukùu jẹ́, bí èyí tí ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù. Ẹ wo ẹnu kẹ́tùlù náà dáadáa nígbà tí omi bá ń hó. Láàárín ẹnu rẹ̀ àti ibi tí ohun funfun yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo kékeré kan wà tí ojú kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Inú àlàfo yẹn gan-an ni ooru omi wà. Ooru omi kò láwọ̀, ojú kò sì lè rí i. Ohun funfun tí ó tẹ̀ lé e ti kúrò ní ooru, ó ti padà di ẹ̀kán omi wínníwínní nítorí pé ó pàdé afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù ú lọ. Irú ẹ̀kán omi wínníwínní bẹ́ẹ̀, tàbí ẹyọ omi dídì tí ó kéré, ni ìkùukùu. Ooru omi ní tirẹ̀ wà káàkiri: ó ń dìde láti ojú Odò Ògùn àti adágún Ọyán, láti ara aṣọ àdìrẹ tí a sá ní Ìtòkú, láti ara ewé igbó, èyí tí ó sì pọ̀ jù lọ ń bá afẹ́fẹ́ òkun wọlé, nítorí pé òkun kò jìnnà sí Abẹ́òkúta ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ.

Ohun tí ó ń sọ ooru omi di ẹ̀kán omi ni òtútù, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìsọ̀ tí a ti ń ta ohun mímu ní Pánṣẹ́kẹ́. Bí ẹni tí ń tajà bá mú bọ́tìlì ẹlẹ́rìndòdò jáde láti inú kúlà, kì í pẹ́ tí ara bọ́tìlì náà fi máa ń làágùn. Bọ́tìlì kò jò. Inú afẹ́fẹ́ ọjà ni omi náà ti wá. Ní ìwọ̀n ooru 30°C, afẹ́fẹ́ tí ó kún inú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè ní tó 30 gíráàmù ooru omi nínú. Ní 20°C, kò lè ju nǹkan bí 17 gíráàmù lọ. Ní 0°C, kò tó 5. Èyí tí ó bá lé sí iye yẹn gbọ́dọ̀ padà di omi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé afẹ́fẹ́ ń fa omi mu bí kànìnkànìn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò fa ohunkóhun mu: ní gbogbo ìgbà ni ooru omi ń bọ́ kúrò lára omi tí ó sì ń padà sí i, òtútù ni ó kàn ń mú kí èyí tí ń padà pọ̀ ju èyí tí ń bọ́ lọ. Ìwọ̀n òtútù tí afẹ́fẹ́ kan gbọ́dọ̀ dé kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni n ó máa pè ní ojú ìrì nínú àlàyé yìí, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ìrì òwúrọ̀ ti ń sẹ̀ sórí koríko. Ní àkókò òjò, ojú ìrì Abẹ́òkúta máa ń wà ní nǹkan bí 22 tàbí 23°C. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń já wálẹ̀ gan-an, ìdí sì nìyẹn tí bọ́tìlì kì í fi í làágùn púpọ̀ ní oṣù kìíní, tí ètè fi ń bó, tí aṣọ fi ń tètè gbẹ.

Ó kù kí á mọ ibi tí òtútù òkè ti ń wá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé kúlà síbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tí ń lẹ táyà ní Lafẹ́nwá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ ẹnu ihò táyà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, tí a bá fi ìka síbẹ̀, afẹ́fẹ́ náà tutù. Bí ó bá sì jẹ́ pé pọ́ǹpù ọwọ́ ni ó fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ìdí pọ́ǹpù náà á gbóná. Kò sí omi dídì nínú táyà, kò sì sí iná nínú pọ́ǹpù. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra a máa gbóná, èyí tí ó bá rí ààyè tí ó sì gbòòrò a máa tutù, nítorí pé agbára tí ó fi ń ti àwọn tí ó yí i ká sẹ́yìn, inú ooru ara rẹ̀ ni ó ti ń yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún afẹ́fẹ́ tí ń gòkè. Bí ó ti ń lọ sókè ni ẹrù afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ń fúyẹ́, débi pé ní nǹkan bí 5.5 kìlómítà sókè, ìdajì gbogbo afẹ́fẹ́ ayé ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbòòrò, ó sì ń tutù ní nǹkan bí dígírì 10 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ohun tútù kan fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé èyí ni pé, ṣé kò yẹ kí òkè gbóná nígbà tí ó súnmọ́ oòrùn? Oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Kìlómítà 10 tí a bá fi súnmọ́ ọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń la inú afẹ́fẹ́ kọjá láìmú un gbóná púpọ̀, ilẹ̀ ni ó sì ń gbà á. Ilẹ̀ ni ó wá ń mú afẹ́fẹ́ gbóná láti ìsàlẹ̀, bí ìdí ìkòkò ṣe ń mú ọbẹ̀ gbóná. Ẹni tí ó bá ti jókòó lórí àwọn àpáta Abẹ́òkúta ní ọ̀sán oṣù kẹta kò ní bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi.

Pẹ̀lú ohun tí a ti sọ yìí, a lè ṣírò ibi tí ìdí ìkùukùu yóò wà. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ gbígbóná ti sókè ń tutù ní nǹkan bí dígírì 10 fún kìlómítà kan, nígbà tí ojú ìrì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 2 péré, nítorí náà wọ́n ń súnmọ́ ara wọn ní nǹkan bí dígírì 8 fún kìlómítà kan. Èyí túmọ̀ sí pé dígírì kọ̀ọ̀kan tí ó wà láàárín ooru ilẹ̀ àti ojú ìrì jẹ́ nǹkan bí 125 mítà sókè. Ká sọ pé ooru ọ̀sán kan ní oṣù keje jẹ́ 28°C, tí ojú ìrì sì jẹ́ 23°C: dígírì 5 ni ó wà láàárín wọn, ìdí ìkùukùu yóò sì wà ní nǹkan bí 625 mítà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán oṣù kejì tí ooru jẹ́ 34°C, tí ojú ìrì sì jẹ́ 22°C, ìdí rẹ̀ yóò ga tó 1,500 mítà. Ní òwúrọ̀ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìyàtọ̀ náà lè má ju dígírì 1 lọ, ìkùukùu á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí Olúmọ, tí ó ga tó 137 mítà sí ojú òkun. Bí ìyàtọ̀ bá tán pátápátá, ìkùukùu ti dé ilẹ̀ nìyẹn. Kùrukùru ni a wá ń pè é, ohun kan náà sì ni. Ìṣirò yìí náà ni ó ṣàlàyé ìdí tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu ọ̀sán fi tẹ́ pẹrẹsẹ: gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó ti àdúgbò kan náà gbéra máa ń dé ojú ìrì rẹ̀ ní gíga kan náà.

Mo gbọ́dọ̀ yọ oríṣi kan sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìṣirò yìí bá a jà. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu eléérú kan máa ń bo gúúsù ilẹ̀ wa láti òru títí ọ̀sán fi ń pọ́n, tí kò sì ní rọ òjò tí ó tó nǹkan. Kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná ni ó ń gbé èyí sókè, nítorí pé òru ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ń ti orí òkun wọlé lálẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń fà á. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní ibùdó mẹ́ta, Ilé-Ifẹ̀ tiwa yìí sì jẹ́ ọ̀kan, pẹ̀lú Savè ní Benin àti Kumasi ní Gánà. Ìdí rẹ̀ kì í sábà ga ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ.

Ẹ̀kán omi kò sì lè ṣàdédé dì mọ́ra nínú afẹ́fẹ́. Ó nílò ohun tí yóò dì mọ́, bí òógùn bọ́tìlì ṣe rí ara bọ́tìlì dì mọ́. Eruku, iyọ̀ òkun àti èéfín ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lókè, afẹ́fẹ́ wa kò sì ṣaláìní wọn. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú 50 mìlímítà lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ ni yóò sì para pọ̀ kí ó tó di ẹ̀kán òjò kan.

Kíkéré yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé kí ló dé tí kò já lulẹ̀. Ìkùukùu ọ̀sán kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kọ̀ọ̀kan lè ní omi tí ó tó 500 tọ́ọ̀nù nínú, èyí tí ọkọ̀ tírélà 16 tí ó ń gbé 30 tọ́ọ̀nù kò ní lè gbé tán. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó kún àyè kan náà wúwo ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ, omi náà sì fọ́n ká inú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ẹ̀kán kan ń rì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, afẹ́fẹ́ tí ń gòkè lábẹ́ rẹ̀ sì yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbé e sókè ju bí ó ti ń já lọ.

Títí di ibí, ìsàlẹ̀ ni a ṣì wà. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ìkùukùu òkè ni a ń pe èyí tí ó wà láàárín nǹkan bí 6 sí 18 kìlómítà; ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé, láàárín 3 sí 8 péré ni. Lókè Abẹ́òkúta, ibi tí omi ti ń dì wà ní nǹkan bí 5 kìlómítà sókè. Ní 10 kìlómítà, òtútù á ti tó nǹkan bí -35°C. Ní 15 kìlómítà, ó súnmọ́ -70°C. Àpótí mítà kọ̀ọ̀kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, tí ó gba 30 gíráàmù nínú ooru ọjà, kò lè ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù kan lọ ní -40°C. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu òkè fi fẹ́lẹ́ tí oòrùn fi ń là á kọjá: omi tí ó wà níbẹ̀ kò tó ohun tí a lè fi ṣe ìkùukùu tí ó ki.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ gbígbóná sọ sókè ní ọ̀sán kì í sábà ga ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ kí ó tó bá afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ dọ́gba, kí agbára rẹ̀ sì pin. Kí ni ó wá ń gbé omi kọjá ibẹ̀ dé 12 kìlómítà? Omi náà fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí òógùn bá gbẹ lára wa, a máa ń mọ òtútù, nítorí pé omi tí ó gbẹ ti gbé ooru lọ. Ooru yẹn kò sọnù. Nígbà tí ooru omi bá tún padà di omi nínú ìkùukùu, ó dá a padà fún afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ń tutù ní dígírì 10 fún kìlómítà kan wá ń tutù ní nǹkan bí dígírì 4 tàbí 5 péré láti ìdí ìkùukùu lọ sókè. Bí afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ bá ń yára tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣì gbóná jù wọ́n, ó ṣì fúyẹ́ jù wọ́n, kò sì ní dúró. Oòrùn tí ó ràn sórí òkun lánàá ni ó ń ti ìkùukùu sókè lónìí, omi ni ó gbé e wá fún un.

Báyìí ni ìkùukùu òjò ńlá ṣe ń dìde, èyí tí a máa ń rí kí àrá tó sán. Nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lè máa ròkè ju mítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì máa lọ títí yóò fi dé nǹkan bí 15 sí 17 kìlómítà. Ibẹ̀ ni ó ti kan àjà. Àjà náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Ibi tí òfuurufú kò ti tutù mọ́ bí a ṣe ń gòkè ni, nítorí pé gáàsì kan tí a ń pè ní ozone ń gba lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn lókè ibẹ̀, ó sì ń mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó dé ibẹ̀ kò fúyẹ́ ju àyíká rẹ̀ mọ́. Ohun tí èéfín ìdáná ń ṣe nígbà tí ó bá kan òrùlé ni ó ń ṣe: ó ń tẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Orí ìkùukùu òjò wá ṣí bí agbòjò ńlá, ètí rẹ̀ sì lè nà ju 100 kìlómítà lọ kúrò níbi tí òjò ti ń rọ̀.

Ní Abẹ́òkúta, a mọ òjò yìí dáadáa láìmọ̀ pé òun ni ìyá ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó ti máa ń ṣú, afẹ́fẹ́ tútù á kọ́kọ́ fẹ́, páànù á máa pariwo, kí òjò tó dé pẹ̀lú àrá. Àwọn ìjì wọ̀nyí ń ti ìlà-oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nígbà mìíràn ní nǹkan bí 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ní àkókò òjò. Lẹ́yìn tí òjò bá dá, ìdí ìkùukùu náà á tú ká, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tí ó ti tẹ́ kì í tètè parẹ́. Òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí omi dídì yára gbẹ. Ìkùukùu òkè tí a ń wò ní ọ̀sán ọjọ́ kejì lè jẹ́ àjẹkù ìjì tí ó ti rọ òjò tirẹ̀ sí ibi tí ó jìnnà sí wa, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé kọjá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ ìjì. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ òkè tí ó lọ salalu á rọra gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, láìsí ariwo, títí ooru omi díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ yóò fi dì. Ọkọ̀ òfuurufú náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀: èéfín ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ní ooru omi nínú, èyí tí ó ń dì lójú ẹsẹ̀ bí òtútù bá pọ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, ìlà funfun náà á parẹ́ ní kíá. Bí ó bá lọ́rinrin, ìlà náà á pẹ́, á sì fẹ̀ títí a kò fi ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìkùukùu gidi. Àwọn tí ń sọ pé wọ́n ń fi oògùn fín wa láti òkè kàn ń da ara wọn láàmú ni.

Dídì omi lókè ní ẹ̀tàn tirẹ̀. A kọ́ wa ní ilé-ìwé pé omi ń dì ní 0°C, òótọ́ sì ni fún omi inú firísà. Ẹ̀kán omi wínníwínní inú ìkùukùu lè wà ní omi ṣíṣàn títí dé -20°C tàbí -30°C, bí kò bá rí ohun tí yóò kọ́ ọ ní dídì. Eruku ni ó sábà máa ń kọ́ ọ, eruku tí ó sì wúlò jù fún un ni irú èyí tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Eruku kan náà tí à ń nù kúrò lórí tábìlì nígbà ọyẹ́, bí ó bá gòkè tó, a máa di irúgbìn omi dídì. Láti nǹkan bí -38°C lọ sísàlẹ̀, ẹ̀kán omi kò nílò olùkọ́ mọ́. Ó ń dì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìkùukùu òkè réré kò ní omi ṣíṣàn nínú rárá: ẹyọ omi dídì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní igun mẹ́fà.

Àwọn ẹyọ wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n bá tóbi tó, a bẹ̀rẹ̀ sí í já, ṣùgbọ́n wọn kì í yára tó mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Bí wọ́n ti ń já ni wọ́n ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ìyára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè, ìrù wọn á sì wọ́ sẹ́yìn, á tẹ̀ bí irun tí a ya. Irun tí ó lọ́ gan-an ni ìtumọ̀ cirrus, orúkọ tí Luke Howard, apòògùn ará Lọ́ńdọ̀nù, fi èdè Látìn sọ wọ́n ní ọdún 1802, tí àwọn onímọ̀ kò sì tíì fi sílẹ̀ títí di òní. Kí wọ́n tó dé ibi tí ó gbóná díẹ̀, wọ́n á ti gbẹ dànù. Àlọ́ àwọn ọmọdé wa sọ pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀ ó kan ọ̀run, òjò sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìrù funfun wọ̀nyí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò kanlẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí á yéé fi kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń kọ́ wọn. Ìwé ìmọ̀ ojú ọjọ́ púpọ̀ sọ pé bí ìkùukùu bí irun bá ti yọ, kí á máa retí òjò láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní Yúróòpù, òtítọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí pé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gun orí afẹ́fẹ́ tútù bí ẹni gun àkàbà, ìkùukùu òkè sì ni ó ń ṣáájú. Òjò tiwa kì í gba ọ̀nà yẹn. Àjẹkù ìjì àná kò lè sọ ti ọ̀la. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìhà ìlà-oòrùn ni kí ó máa wò, bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe.

Mímọ ìkùukùu òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Kí á na apá gbọọrọ sí apá òkè sánmà, kí á sì fi ìka wọn àwọn ìkùukùu tí ó pín sí wẹ́wẹ́: èyí tí ẹyọ rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìka kan wà lókè réré, èyí tí ó fẹ̀ tó ìka kan sí mẹ́ta wà ní àárín, èyí tí ó ju ìka mẹ́ta lọ sì wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ ni ó bo gbogbo sánmà, kí á wò bóyá òrùka ìmọ́lẹ̀ yí oòrùn tàbí òṣùpá ká, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀. Òrùka yẹn, tí oríṣiríṣi ìtumọ̀ ti wà fún, kò ju ìmọ́lẹ̀ tí ó ya nínú omi dídì onígun mẹ́fà lọ. Bí a bá na apá tí a sì la ọwọ́, láti orí oòrùn dé ara òrùka náà máa ń tó láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lójú àwa tí a wà nílẹ̀, ó ṣì ń ran àwọn tí ó wà lókè, nítorí pé ayé rí bìrìkìtì, ẹni tí ó ga sì ń rí ọ̀nà jíjìn. Ìkùukùu tí ó wà ní 1 kìlómítà gan-an lókè orí wa ń rí oòrùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí i. Èyí tí ó wà ní 10 kìlómítà ń rí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 13, ti 15 kìlómítà sì ń rí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Nítorí náà, àwọn ti ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ di eérú, nígbà tí àwọn ti òkè ṣì pọ́n bí epo. Kí á wo aago nígbà tí oòrùn bá rì sẹ́yìn ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, kí á yan ìkùukùu kan tí ó wà ní àárín gbùngbùn sánmà, kí á sì tún wo aago nígbà tí pípọ́n rẹ̀ bá kú. Ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín méjèèjì ni yóò sọ bí ó ti ga tó.